Àwòrán Ògiri Ọ̀yọ́ Ilé

Ìwọ ọmọ Ọ̀yọ́, tẹjú mọ́ àwòrán ògiri Ọ̀yọ́ Ilé tí Robert Soper àti Patrick Darling tẹ̀ jáde ní 1980. Ìlà ni ó kún inú rẹ̀. Kò sí ènìyàn. Ẹlòmíràn yóò ní ó gbẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Clapperton bá ìlú náà pẹ̀lú Aláàfin rẹ̀ ní 1826. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi di ahoro, tí Àtìbà sì tún Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó ní Àgọ́ Ọjà. Bí wọ́n bá ti ya ẹṣin àti ìlù tí wọn kò rí, ẹ̀tàn ni ìbá jẹ́. Fi ìka tọ ògiri òde: nínú àyè funfun yẹn ni wọ́n ti ń ná Akẹ̀sán, ọjà tí ìwọ ṣì ń ná orúkọ rẹ̀.