Ọ̀nà Ni Èéfín Ń Bèèrè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹkisitírátọ̀ ilé ìdáná rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kó má wo iná búlúù tó ń tàn lójú ẹ̀rọ náà. Kó dín epo pupa fún ọbẹ̀ ayamáṣe nísàlẹ̀ rẹ̀. N kò mọ èéfín mìíràn nínú ìdáná Yorùbá tó le tó ti epo pupa tó ń pàwọ̀ dà lórí iná: ó ń ta ojú, ó ń há ni lọ́fun, ó sì ń lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ tó bá gbé èéfín yẹn síta kó tó dé pálọ̀, ẹ̀rọ ni. Èyí tí kò bá lè gbé e, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí kọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọn yóò jọ máa ṣe.

Iṣẹ́ iná ni mo kọ́. Láti orí wáyà ni mo ti dé orí fífi ẹ̀rọ amúlétutù sára ilé, ibẹ̀ ni mo sì gbà dé orí ẹkisitírátọ̀ yìí, èyí tí àwọn tó ń polówó ilé fún rẹ́ǹtì kì í gbàgbé láti kọ sínú ìpolówó wọn: “heat extractor wà níbẹ̀.” Láàárín gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òun ló wù mí jù. Wáyà ń bẹ nínú rẹ̀, iṣẹ́ bíríkìlà ń bẹ níbẹ̀, ti káfíńtà ń bẹ, ti ẹni tó ń tẹ páànù náà ń bẹ. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ìrìn afẹ́fẹ́, ohun tí ojú kò rí. Oníbàárà ra ẹ̀rọ lọ́jà. Ọ̀nà ni mo máa ń bá a là.

Àwọn àgbà wa kò fi ọ̀rọ̀ èéfín ṣeré. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná àtijọ́ máa ń wà. Koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀, èéfín ń gba àárín rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì dúró, wọ́n ti wá iṣẹ́ fún un. Àjà wà lókè ààrò, àgbàdo irúgbìn àti ẹran ń gbẹ lórí rẹ̀, kòkòrò kò sì lè sún mọ́ wọn. Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà, tí wọ́n ń pẹja nínú ọ̀sà, mọ bí èéfín ṣe ń tọ́jú ẹja. Ìgbà tí a kó ìdáná wọnú ilé ni wàhálà dé. Nínú ilé fésì-mí-aí-fésì-yú, gbogbo ayálégbé ló ń gbé sítóòfù kẹrosíìnì sínú yàrá kan ṣoṣo lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri ibẹ̀ á sì dúdú kirikiri.

Síbẹ̀, àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì rántí èéfín. Wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù oníhò sí òkè ògiri, wọ́n sì ń lo fèrèsé lúfà, èyí tó ń ṣí pátápátá. Síláìdì tó gbòde báyìí, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú ìdajì náà, ọ̀rá sì ti dí ojú nẹ́ẹ̀tì. Ní Iba Housing Estate, ọ̀kan lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ (ọdún 1979 sí 1983 ló fi jẹ gómìnà), mo ti bá fèrèsé ilé ìdáná tí wọ́n kọ́ yàrá mìíràn dí pa. Ìyàwó ilé ń ṣílẹ̀kùn pálọ̀ kí èéfín lè rí ibi gbà, àwọn ọmọ sì ń wúkọ́ níwájú tẹlifíṣàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín inú ilé ṣekú pa káàkiri ayé. Igi, èédú àti kẹrosíìnì ló dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Gáàsì mọ́ ju ìwọ̀nyẹn lọ, àmọ́ ata tí a ń dín kò mọ̀ pé gáàsì ni wọ́n fi ń dín òun.

Alábà International Market kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ la ti ń ra ẹ̀rọ. Kí ẹ tó bi ẹni tó ń tà á léèrè iye owó, ẹ bi í pé níbo ni èéfín ń gbà jáde. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń fa èéfín, ó ń tì í gba inú páìpù lọ síta. Ìkejì kò ní páìpù: ó ń fa èéfín gba inú asẹ́ ọ̀rá àti asẹ́ èédú, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ náà padà sójú ẹni tó ń dáná. Asẹ́ èédú ń mú òórùn díẹ̀, kò mú ooru, kò sì mú ọ̀rinrin. Tó bá ti kún, òórùn náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti rí asẹ́ tuntun tó bá a mu rà. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣe é fi pamọ́. Ẹ̀rọ yìí ń gbìyànjú láti fi í pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tó ń gbé inú self-contain, tí onílé ti kìlọ̀ fún pé kò gbọ́dọ̀ lu ògiri, lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó nílé, tàbí tí òun àti onílé rẹ̀ gbọ́ra yé, kó má dán an wò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ agbára. Iye kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ lè gbé jáde ní wákàtí kan la fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wọn ilé ìdáná yín. Ká ní ó gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2.5, ó sì ga ní mítà 3: kúbíìkì mítà 22.5 ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé sábà máa ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà pààrọ̀ nígbà 10 sí 15 láàárín wákàtí kan. Èmi, 15 ni mo máa ń fi sí i nítorí ata díndín, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní 337. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe nígbà tí kò sí ìdíwọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tí páìpù àti ìgbọ̀nwọ́, ibi tí páìpù ti tẹ̀, bá ti wọ̀ ọ́, agbára á dín kù. Èyí ló fi jẹ́ pé fún irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n ra 500 sí 600. Ní England, òfin ìkọ́lé wọn kò béèrè ju lítà 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ẹ̀rọ tó wà lókè sítóòfù, ìyẹn 108 ní wákàtí kan. Ẹ bi àwọn ẹbí wa ní Peckham bóyá ìyẹn tó wọn nígbà tí wọ́n bá ń dín ata. Aago iná tó ń ké lórí wọn á bá wọn dáhùn.

Fífẹ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tó ti gáàsì, ó kéré tán: 60 sẹ̀ǹtímítà fún gáàsì olójú mẹ́rin, 90 fún olójú márùn-ún tó fẹ̀. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀.

Ohun tó gba àlàyé ni inú ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n yọ asẹ́ rẹ̀, kí ẹ tan iná fóònù wò ó. Bí ẹ bá rí abẹ́ fáànù bíi ti èyí tó ń wà lórí tábìlì, ẹ máa bá tiyín lọ. Irú fáànù bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ afẹ́fẹ́ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí páìpù bá gùn tàbí tó tẹ̀, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Èyí tí ẹ ń wá jẹ́ àgbá kékeré tí abẹ́ wẹ́wẹ́ tò yíká ara rẹ̀, tó ń fa afẹ́fẹ́ wọ àárín, tó sì ń jù ú síta láti etí. Òun ló lè ti èéfín nínú páìpù. Ẹ fi ìka yí i. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì dúró láìdún. Ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní “Belgium” kò burú, mo ti fi ọ̀pọ̀ wọn sára ògiri, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá ọdún pípẹ́ bá gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan abẹ́ náà, á máa gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn ni yóò sì jẹ bíárìn rẹ̀ tán. Ẹ yẹra fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà fàdákà. Ọ̀sà àti òkun wà nítòsí wa, ìpẹtà kì í pẹ́ dé.

Nígbà tí mo bá délé oníbàárà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí ẹni tó ń dáná gan-an wá dúró síwájú gáàsì. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọrógùn, kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń ro àmàlà.” Ìyá kan ní Ìbà dá mi lóhùn pé, “Ìwọ ọmọ yìí, àmàlà láàárọ̀ kùtùkùtù?” Àmọ́ ó ṣe é. Sẹ̀ǹtímítà 65 sí 75 ló yẹ kó wà láàárín ojú iná gáàsì àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ. Tó bá ga jù, èéfín á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó débẹ̀. Tó bá rẹlẹ̀ jù, iná á máa yan ọ̀rá tó wà nínú asẹ́, ìyẹn sì lè gbiná. Láàárín méjèèjì yìí, àmàlà ló ń dájọ́. Ẹni tó ń rokà máa ń fi èjìká àti àyà ti ọmọrógùn, orí rẹ̀ á sún síwájú, iwájú orí rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kan irin. Ibi tí orí ìyá náà dé ni mo fi pẹ́ńsù sàmì sí, mo sì gbé ẹ̀rọ náà sókè díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, ògiri. Búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́fà ló pọ̀ lágbègbè wa, ihò sì wà nínú rẹ̀. Mo máa ń fi ìdí hámà kan ògiri, kí n tẹ́tí. Ibi tó bá dún kó-kó-kó, ara búlọ́ọ̀kù ni. Ibi tó bá dún gbù-gbù, ihò ni. Bóòtù tí a bá fi sínú ihò lásán kò ní dúró, ẹ̀rọ náà á sì wálẹ̀ lọ́jọ́ kan sórí ìkòkò gbígbóná. Tí àmì bá bọ́ sí orí ihò, mo máa ń fi sìmẹ́ǹtì dí i, kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí n tó lu bóòtù. Oníbàárà kì í fẹ́ràn pé kí n padà wá. Ẹ jẹ́ kó máa bínú.

Ihò páìpù ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Mo máa ń fi dírílù gígùn lu ihò wẹ́wẹ́ yíká ilà rẹ̀, kí n tó fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì gbẹ́ àárín rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi hámà ńlá lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀, táìlì ẹ̀yìn ògiri á sán. Ihò náà gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀ síhà ìta, kí òjò àti omi tó bá kó sínú páìpù lè ṣàn jáde dípò kó máa kán sínú ọbẹ̀. Páìpù ínǹṣì mẹ́fà ni kí ẹ lò bí ẹnu ẹ̀rọ bá jẹ́ mẹ́fà. Ohun tí páìpù ínǹṣì mẹ́rin lè gbà kò tó ìdajì ti mẹ́fà. Ariwo á pọ̀, èéfín á sì kù sílé. Ẹ má lo PVC tí púlọ́ńbà fi ń fa omi, ooru á rọ̀ ọ́. Ẹnìkan wà nítòsí Volks, ibi tí iléeṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá ní 1975, tó ń tẹ páànù gáfáńáìsì ní páìpù fún mi. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kì í jò. Ìgbọ̀nwọ́ kan ni mo máa ń fẹ́. Tó bá di mẹ́ta, ẹ wá ògiri mìíràn. Lẹ́nu ìta, mo máa ń fi ìdérí sí i, èyí tó ń ṣí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń dé fúnra rẹ̀, àti nẹ́ẹ̀tì onírin nítorí alángbá àti ẹyẹ.

Níbo wá ni ẹnu páìpù máa kọ sí? Àlàfo tó wà láàárín ilé wa àti fẹ́ǹsì kò fẹ̀, fèrèsé yàrá alábàágbé sì lè wà lódìkejì gan-an. Èéfín ẹja díndín tó bá ń wọlé onílé lójoojúmọ́ á di ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ báálẹ̀. Mo máa ń gbé páìpù kọjá orí fẹ́ǹsì, owó iṣẹ́ náà á sì lé sí i. Ọ̀ràn kejì burú ju ìjà aládùúgbò. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yìí bá tì jáde, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, ibikíbi tó bá rí ló sì máa gbà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nísàlẹ̀ fèrèsé tó ṣí, ẹ̀rọ tí ẹ rà láti lé èéfín ni yóò máa fa èéfín jẹnẹrétọ̀ wọlé, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tí kò ní òórùn sì wà nínú rẹ̀. Mo ti kọ̀ láti parí iṣẹ́ nílé tí wọn kò ti gbà láti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò. Wáàtì 200 péré ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ń jẹ. Ínfátà lè gbé e láìsí jẹnẹrétọ̀.

Bí mo bá parí, mo máa ń tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan sórí gáàsì, kí n fi ẹ̀rọ sórí nọ́ńbà kékeré, kí n sì dúró wò. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ náà á gòkè, á ṣiyèméjì díẹ̀, á wá tẹ̀ gbọọrọ wọnú asẹ́. Bí mo bá ṣí fèrèsé òdìkejì, á tún yára sí i. Ojú kò rí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, a rí i.

Ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe ohun gbogbo o. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí tó bá jò, ẹkisitírátọ̀ tó wà lókè kò sì lè gbé e. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀ rárá, nítorí iná lè ta láti ibẹ̀. Ẹ ti sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ jáde. Asẹ́ ọ̀rá náà, ẹ máa fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lóṣooṣù, ó kéré tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ láti Iyana Iba títí dé Okokomaiko, ẹ sọ fún bíríkìlà yín kó fi ihò ínǹṣì mẹ́fà sílẹ̀ lókè ibi tí gáàsì máa wà, kó sì dẹ̀ ẹ́ síta, kí ó tó rẹ́ ògiri. Kò ní ná yín ní nǹkan kan nígbà yẹn. Lẹ́yìn táìlì, ó ń náni lówó.