Kelly Link kì í ṣàlàyé

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀: ìtàn Kelly Link kì í parí bí àwa òǹkàwé ṣe máa ń fẹ́. Ẹ ó kà á dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ẹ ó tún yí i wò bóyá ojú ewé kan ló lẹ̀ mọ́ òmíràn. Kò sí èyí tó lẹ̀. Ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá bínú gbé ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀, a ò ní bá a jà.

Àwa tó jẹ́ pé sọ́fítíwíà là ń kọ jẹun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bínú. Bí bug bá wà, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí, a ò sì ní sùn títí a ó fi rí ìlà tó ti wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú àlọ́ la dàgbà sí, àlọ́ sì máa ń san gbèsè rẹ̀: kó tó parí, a ó ti mọ ìdí tí ẹ̀yìn ìjàpá fi rí kángunkàngun. Link kì í san irú gbèsè yẹn. Ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìtàn ni, àbí ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń ṣe é?

Ìlú Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1969. Àwọn kan ń pe ohun tó ń kọ ní magic realism, àwọn mìíràn ní fantasy ni, àwọn kan ní ìtàn ẹ̀rù ni. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá pè é, ayé Amẹ́ríkà tá a máa ń rí nínú fíìmù ló wà níbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tí kì í ti ilẹ̀kùn lóru, tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá fún òbí wọn. Ohun àràmàǹdà kàn jókòó sáàárín wọn ni, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo.

Lọ́dún 2000, òun àti ọkọ rẹ̀, Gavin Grant, dá ilé ìtẹ̀wé kékeré kan sílẹ̀, Small Beer Press. Ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Stranger Things Happen, ti jáde ní 2001. Nígbà tí ìwé kejì, Magic for Beginners, jáde ní 2005, wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ àṣẹ Creative Commons. Àwa tá à ń fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ irú ọkàn tó wà nídìí ìyẹn. Get in Trouble tó jáde ní 2015 wà lára àwọn ìwé mélòó kan tó dé ìpele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn Pulitzer ní 2016. Ní 2018, àjọ MacArthur fún un ní ẹ̀bùn owó ńlá wọn. Ìtàn kúkúrú ló fi dé gbogbo ibẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ gígùn rẹ̀ kankan ò tíì jáde nígbà náà.

Ẹ wo "Stone Animals," tó wà nínú Magic for Beginners. Henry àti Catherine, ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, kó àwọn ọmọ wọn méjì kúrò ní New York lọ sí ilé ńlá kan ní ìgbèríko. Henry ti ṣèlérí pé ilé lòun á ti máa ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ò jẹ́ kó rímú mí. Henry ń padà lọ sí ìgboro, ó sì ń pẹ́ kó tó wálé. Nínú ilé, nǹkan ń yí padà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan di ohun tí ọwọ́ ò fẹ́ kàn mọ́. Kò sí òkú tó fara hàn, búrọ́ọ̀ṣì yẹn kàn ti ní nǹkan lára ni. Ó tún kan nǹkan mìíràn, ó tún kan òmíràn. Ehoro kún iwájú ilé. Catherine ń kun yàrá, ó tún ń fi ọ̀dà mìíràn kun ún.

Link ò sọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ibi tí Henry wà. Àwọn nǹkan ilé ń di àjèjì bí bàbá ilé ṣe ń di àlejò. Ká ní Link sọ pé ẹnì kan kú síbẹ̀ láyé ọjọ́un ni, wọn ì bá pe àlùfáà kó wá lé ẹ̀mí náà jáde, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán. Nítorí pé kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tá a lè di ẹ̀bi rù àyàfi ìgbésí ayé wọn gan-an: ọ̀gá, fóònù, ọ̀nà jíjìn, ìlérí tí kò ṣẹ. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ara wà nílé, ọkàn wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ ń sọ̀rọ̀, a ń dáhùn "ẹn-ẹn" láìgbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn bà wá lẹ́rù ju iwin lọ.

"The Faery Handbag," tó gba ẹ̀bùn Hugo ní 2005, gba ọ̀nà mìíràn. Zofia, ìyá àgbà kan, ní báàgì dúdú tí odindi abúlé ń gbé inú rẹ̀. Ó tún máa ń ju ìwé láíbìrì síbẹ̀, kò sì ní dá a padà. Genevieve, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló ń sọ ìtàn fún wa. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ti wọnú báàgì lọ, ìyá àgbà ti kú, báàgì ti sọnù, òun sì ń wá a káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìríkà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní ká má gba òun gbọ́. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ kì í rí àlàyé gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wá nǹkan ni.

Ṣé gbogbo ìgbà lọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́? Rárá o. Ní 2024, Link gbé The Book of Love jáde, ìwé tó lé ní ojú ewé 600. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta, Laura, Daniel àti Mo, ti ipò òkú padà sí ìlú wọn ní Massachusetts, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá bí wọ́n ṣe kú. Nínú ìtàn tí ò gùn, ohun tí òǹkọ̀wé ò sọ máa ń di iṣẹ́ fún òǹkàwé. Tó bá ti di 600, òǹkàwé nílò òfin. Nítorí náà, Link bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹni tó ni agbára wo, ẹni tó ń bá ta jà, ibẹ̀ sì ni ìwé náà ti ń wọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tí Mo ti délé tó gbọ́ pé ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ti kú nígbà tóun náà ò sí láyé. Idán kankan ò tún ìyẹn ṣe. Ibẹ̀ ni Link tá a mọ̀ ti padà wá.

Ohun tá a rí kọ́ nìyí, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀tàn: ẹni tí ò sọ ìdí yàtọ̀ sí ẹni tí ò ní ìdí. Ẹ fi kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì dán an wò. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ sí apá kan náà, ìdí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kàn fọ́n káàkiri, òǹkọ̀wé ń fi yín ṣeré ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Stone Animals." Ẹ pa fóònù yín kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bí ọ̀gá bá pè, ẹ jẹ́ kó dúró.