Ọ̀ràn Obi Okonkwo

Ní ìbẹ̀rẹ̀ No Longer at Ease, ìwé ìtàn tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1960, Obi Okonkwo ti wà níwájú adájọ́ ní Èkó nítorí £20 àbẹ̀tẹ́lẹ̀, adájọ́ sì ń ṣe kàyéfì ohun tí ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ hu irú ìwà yìí. Olùkọ́ tí ó bá fi ìwé náà kọ́ni pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò dára kò purọ́, ṣùgbọ́n èèpo ni ó fún àwọn ọmọ jẹ.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi owó lọ Obi, ó kọ̀ ọ́, gbólóhùn díẹ̀ péré ni ó sì ná an. Ọ̀ràn Clara ni ó dán an wò. Osu ni Clara, ìran tí àwọn Ìgbò ìgbà àtijọ́ yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, tí àwọn ìyókù kì í bá gbéyàwó. Ìyá Obi búra pé òun yóò pa ara òun bí ó bá fẹ́ ẹ nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Obi kò lè dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó wá dókítà tí yóò ṣẹ́ oyún ọmọbìnrin náà. Ó ń wò ó nígbà tí mọ́tò dókítà ń gbé e lọ, ó fẹ́ dá wọn dúró, kò sì dá wọn dúró. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ṣubú. Ẹ̀yìn èyí ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wọlé. Ó ṣeni láàánú pé Achebe kò jẹ́ kí Clara sọ tinú rẹ̀ tó.

Òpin ìtàn náà ni ó mú jù. Gbèsè tí ó ń dà á láàmú jù ti kúrò lọ́rùn Obi, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sì ti sú u. £20 náà wà nínú àpò rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá dé.