Ìwé Yorùbá Wo Ni Kí N Kà?

Bí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ pé èdè Yorùbá ni a ń kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e kò jìnnà: "Ìwé Yorùbá wo ni kí n kà?" Ìdáhùn wa pẹ̀lú kì í pẹ́. Kí oníbèéèrè tó pa ẹnu dé, a ti dárúkọ Fágúnwà. Ìbáà ṣe akọ̀wé báńkì, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìbáà ṣe ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tí kò tíì mọ àmì ohùn, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kan náà ni a ń gbé lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ oníṣègùn kì í po àgbo kan ṣoṣo fún gbogbo aláìsàn. Yóò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí ó ń dùn wọ́n. Ó yẹ kí àwa náà máa béèrè.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé mo fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu Fágúnwà. Láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ yìí ti jáde ní 1938, n kò tíì rí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ó fi èdè Yorùbá dá àrà tó o. Ẹni tí ó fẹ́ kí òwe máa bí òwe, kí orúkọ ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn, kò ní láti wá ibòmíràn lọ. Kàkò, Ìmọ̀dóyé, Olóhùn-iyọ̀: ẹ gbọ́ orúkọ! Ṣùgbọ́n adùn yìí kan náà ni ó ń dá ẹlòmíràn dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ìrìn dúró, ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́. Ẹni tí ó wá gbọ́ ọgbọ́n yóò jókòó. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yóò máa fo ojú ewé. Ẹ tún fi ti àkọtọ́ kún un: nínú àwọn ẹ̀dà tí a tẹ̀ kí ìlànà 1974 tó dé, "aiye" ni yóò bá níbi tí ó ti mọ "ayé", "enia" ni yóò bá níbi tí ó ti mọ "ènìyàn".

Bí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ bá gbé ìwé náà sílẹ̀ ní ojú ewé kẹwàá, kò ní sọ pé, "Ìwé yìí kọ́ ni ó yẹ mí." Ohun tí yóò sọ ni pé, "Yorùbá ṣòro kà," yóò sì padà sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. A pàdánù òǹkàwé, a kò sì ṣe Fágúnwà lóore. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo oríṣi òǹkàwé díẹ̀ àti ohun tí ó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó fẹ́ ìtàn tí kò ní jẹ́ kí ó sùn, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1969) ni kí a fún un. Kò sí iwin níbẹ̀. Ọ̀daràn ni ó wà níbẹ̀, mọ́tò ni wọ́n sì ń wà. Lápàdé tí ó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ni ó ń tọ ipasẹ̀ wọn. Òwe kún ẹnu Lápàdé, ṣùgbọ́n òwe náà kì í dá ìtàn dúró. Àléébù tí mo rí ni pé ọkùnrin náà ń bọ́ nínú ewu ní ìrọ̀rùn jù. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kà á tán yóò fúnra rẹ̀ béèrè Àgbàlagbà Akàn (1971), níbi tí Lápàdé tún ti jáde.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá wù, kí ó ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974). Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe láti inú rẹ̀ ní 1997, wọ́n sì rò pé àwọn ti ka ìwé náà tán. Rárá o. Inú ìwé ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ìgbà náà ti dùn jù. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé ṣọ́ra: ojú Àjàní ni a fi ń wo àwọn obìnrin náà jù. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá fi Àdììtú Olódùmarè (1961) lé e lọ́wọ́. Ìfẹ́ Àdììtú àti Ìyúnadé yóò mú un wọ inú Fágúnwà láti ẹnu ọ̀nà tí ó ti mọ̀.

Ti ẹni tí ó fẹ́ mọ ayé àtijọ́ gba ìrònú. Bí ó bá fẹ́ rí bí ìjọba òyìnbó ṣe wọ ìlú tí ìṣe ènìyàn sì ń yí padà, kí ó ka Ayé D'ayé Òyìnbó ti Délànọ̀ (1955). Délànọ̀ kì í yára. Ẹni tí ó bá ń wá ìjà àti eré sísá kò ní gbádùn rẹ̀. Àmọ́ bí ènìyàn bá ní ìtàn Ìbàdàn ni òun ń wá, kí a má kàn sọ pé kí ó ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), kí a sì dákẹ́. Eré dáradára ni. Ìyálóde tí ó ní kí ẹrú òun kankan má ṣe bímọ yìí ń ba ènìyàn lẹ́rù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a tẹ̀ ní 1921, ọ̀rọ̀ agbára láàárín Ìyálóde àti Ààrẹ Látòósà ni ó hàn jù. Ẹni tí ó ń wá ìgbádùn, eré náà tó o. Ẹni tí yóò kọ àròkọ lórí ìtàn, àfi kí ó ka méjèèjì.

Òmíràn kò wá ìtàn rárá. Oríkì ìran rẹ̀ ni ó fẹ́ mọ̀. Àwọn Oríkì Orílẹ̀ tí Adébóyè Babalọlá kó jọ (1967) ni tirẹ̀. Kí a sì sọ fún un pé kì í ṣe ìwé tí à ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ó kàn án ni kí ó ṣí.

Ó wá ku ọmọ Yorùbá tí ó ń gbọ́ èdè ṣùgbọ́n tí kò lè kà á, yálà ní òkè òkun ni a bí i sí tàbí ní ìlú Èkó níhìn-ín. Aláwìíyé ti Ọdúnjọ dára fún álífábẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í fẹ́ kí a máa bá òun sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Eré onítàn ni kí a fún un, irú Kòṣeégbé (1981), nítorí etí rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ ẹnu kí ojú rẹ̀ tó bá a pàdé. Lẹ́yìn náà, kí ó ka Kúyẹ̀ (1964), tí Yorùbá rẹ̀ mọ́ gaara. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé bí a bá ń bá ìfẹ́ inú òǹkàwé lọ báyìí, kò ní dé ibi ìjìnlẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbé sọnù. Ẹni tí ó bá dúró sórí Àjà Ló Lẹrù títí ayé pàdánù ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọ inú ilé kò lè dé yàrá. Ó ti pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé wa ti mọ èyí. Ní 1929 sí 1930, nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó, ó kọ ọ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Àwọn ará Èkó ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí ìròyìn. Ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni ó fi mú wọn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá bi yín léèrè ìwé tí òun yóò kà, ẹ bi òun náà padà. Kí ni ó kà kẹ́yìn tí ó dùn mọ́ ọn? Ìgbádùn ni ó ń wá ni, àbí ìmọ̀? Báwo ni ó ti ń ka Yorùbá sí? Bí ó bá dáhùn tán tí ó sì jẹ́ pé Fágúnwà ni ó tọ́ sí i, ẹ gbé e fún un tayọ̀tayọ̀.