Ojú Tábìlì àti Abẹ́ Rẹ̀

Ní ọdún 1886, tábìlì rìbìtì kan wọkọ̀ òkun láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní South Kensington fún iṣẹ́ àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ, àfihàn tí èrò tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún wò. Balthazar dos Reis ló kan tábìlì náà. Ọ̀gá káfíńtà ni láàrin àwọn Àgùdà Èkó, àwọn tí ìdílé wọn ti oko ẹrú Brazil padà wálé. Ègé igi ló tò sí ojú tábìlì náà tó fi di ọnà, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ idẹ.

Ó yẹ kí ìròyìn yìí máa dé etí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn, pàápàá ní agbègbè Mọ́kọ́lá. Ọjà pákó Bọ́dìjà kò jìnnà sí wọn, ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà, ọmọ̀ àti arère kò sì ṣàjèjì sí wọn. Bí oníbàárà bá sọ pé tábìlì ìjẹun tó rẹwà gidi lòun fẹ́, ohun méjì ló sábà máa ń wá: ojú tí fíníà, ìyẹn awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pákó, mú dán, tí ilà igi hàn lára rẹ̀ kedere, àti ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí, tó ní ọrùn, tó ní ìbàdí, tó ní bàtà. Tí a bá wá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò tinú-tòde, ohun tó hàn ni pé ẹsẹ̀ tábìlì wa dára ju ojú rẹ̀ lọ.

Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, oníṣẹ́ á ti gé igi náà ní igun mẹ́rin, á fa ilà láti igun dé igun ní orí méjèèjì kó lè rí àárín gbùngbùn. Bí àárín bá fi díẹ̀ yẹ̀, igi á máa gbọ̀n lórí ẹ̀rọ. Á kọ́kọ́ fá a di róbótó, lẹ́yìn náà ló máa wá fi irin ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ àti irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ gbẹ́ kòtò àti gegele sí i lára. Òkè ẹsẹ̀ kì í jẹ́ róbótó. Igun mẹ́rin rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ihò tí ahọ́n igi ìdábùú máa wọ̀ máa wà. Èyí tó le jù ni kí ẹsẹ̀ kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jọ àkọ́kọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé páálí sí àwòrán ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, á máa gbé e sí ara àwọn yòókù wò títí ìmọ́lẹ̀ kankan kò fi ní là láàrin wọn.

Níbi iṣẹ́ yìí, ọwọ́ Yorùbá kì í ṣe ọwọ́ àlejò. Àwọn tó ń gbẹ́ igi ìlù dùndún ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ igi ọmọ̀ tàbí apá di ohun tó fẹ̀ lókè, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin, láìsí ẹ̀rọ tó ń bá wọn yí i. Ojú wọn ni ìwọ̀n. Ọgbọ́n kan náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń yí ẹsẹ̀ tábìlì lónìí, ó sì yẹ ká yìn ín. Àléébù kan wà ṣá o. Sándípépà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ igi nígbà tó ń yí máa ń fa ilà wínníwínní yí i ká, ilà tí ojú kì í rí àfi ìgbà tí fánísì bá gbẹ. Kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, kí wọ́n fi ọwọ́ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìparí, ilà náà á lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú tábìlì ló gba sùúrù.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀tàn ni fíníà, pé igi gidi látòkè délẹ̀ ni ẹni tó lówó ń rà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ibojì ọba Tutankhamun ní Íjíbítì ní 1922, wọ́n bá ohun èlò tí wọ́n fi awẹ́ igi dúdú àti eyín erin bò níbẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Pákó tó nípọn ní ìnṣì kan, tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ là á sí awẹ́ tó nípọn ní mìlímítà 0.6, á di nǹkan bíi 40 awẹ́. Igi kan tó lẹ́wà lè wá bo ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tábìlì dípò kó tán lórí ẹyọ kan. Awẹ́ méjì tó tẹ̀ léra tún ṣeé ṣí sílẹ̀ bí ojú ewé ìwé, kí ilà apá ọ̀tún lè dojú kọ ti apá òsì. Ó ṣòro kí pákó gidi tí wọ́n tò pọ̀ fún èèyàn ní irú ẹwà yẹn. Igi kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí fíníà tiẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Sapele, ìlú wa tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood ti ṣe pláíwúùdù nígbà kan rí. Ohun tó yẹ kó dùn wá ni pé bébà tí wọ́n tẹ àwòrán igi sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó ayédèrú, ló ń kún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní orílẹ̀-èdè tí igi náà ti gba orúkọ.

Ibo wá ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́? Nínú omi ni. Igi tí a ti gé ṣì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì ń tú u sílẹ̀. Lásìkò òjò á wú; bí ọyẹ́ bá dé á sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í yí padà tó ohun tí ojú lè rí, ìbú rẹ̀ ló ń yí. Pákó gidi tó fẹ̀ ní mítà kan lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan fẹ̀ sí i tàbí kó fi sún kì láàrin àsìkò kan sí èkejì. Bí wọ́n bá lẹ fíníà mọ́ irú pákó bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò tíì gbẹ, oṣù Ṣẹẹrẹ kò ní kọjá kó tó là. Kì í ṣe ẹ̀bi gọ́ọ̀mù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi fíníà.

Abẹ́ tábìlì ni ẹjọ́ kejì wà. Gọ́ọ̀mù máa ń rin awẹ́ fíníà gbingbin. Bó ṣe ń gbẹ, awẹ́ náà ń sún kì, ó sì ń fa pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀, etí tábìlì á ká sókè. Ìdí nìyí tí ìpele pláíwúùdù fi sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje, tí ìkọ̀ọ̀kan sì dábùú èyí tó tẹ̀ lé e: kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè máa fa ara wọn dọ́gba. Ojú tábìlì tó ní fíníà ọ̀gànwó nílò awẹ́ lábẹ́ pẹ̀lú, kó tiẹ̀ jẹ́ ti arère tí kò wọ́n, kí fánísì sì kan abẹ́ bó ṣe kan òkè. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì kó tó sanwó? Nítorí pé oníbàárà kì í wò ó, káfíńtà kì í náwó lé e, oníbàárà kan náà ni yóò sì padà wá kígbe lẹ́yìn ọdún kan.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ fíníà mọ́lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ẹrù tí wọ́n bá kó lé e lórí níbì kan tí kò dé ibòmíràn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sí abẹ́ rẹ̀. Fi èékánná kan ojú tábìlì jẹ́jẹ́: ibi tó bá dún hóróhóró kò lẹ̀. Ó ṣeé tún ṣe, bí wọ́n bá fi abẹ là á tẹ̀lé ilà igi, kí wọ́n ti gọ́ọ̀mù díẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì fi pákó pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ó sàn kí pákó pẹlẹbẹ yẹn wà lórí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí òkè Mọ́kọ́lá yìí náà ni Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà tó tún jẹ́ ayàwòrán ilé, kọ́ New Culture Studio sí. Ní 2023, àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion nítorí iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn sì wà lára rẹ̀. Ohun tó wà nítòsí ló fi ń kọ́lé, kò sì fi ohun tó gbé ilé dúró pa mọ́ fún ẹni tó ń wò ó. Irú ojú yẹn ni tábìlì wa nílò.

Iṣẹ́ ọwọ́ ti wà nílẹ̀. Gbígbẹ igi ni kò tíì kúnjú ìwọ̀n. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó gẹdú tútù lọ sókè òkun, kí iṣẹ́ lè wà nílé. Ilé ìwádìí lórí igbó àti igi, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1954, wà ní Jẹ́ríkò, nínú Ìbàdàn níbí. Ó yẹ kí àwọn káfíńtà Mọ́kọ́lá àti àwọn oníṣòwò pákó Bọ́dìjà pawọ́ pọ̀ pe ilé ìwádìí náà, kí wọ́n jọ kọ́ ilé kan tí wọ́n á ti máa gbẹ igi, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú pákó, èyí tí ọwọ́ kan lè gbá mú. Ẹni tó bá ti wọn pákó rẹ̀ kó tó lẹ fíníà mọ́ ọn lè kọ ọ́ sínú ìwé fún oníbàárà pé tábìlì náà kò ní là, kó sì gba owó tó tó iṣẹ́ rẹ̀.