‘Strive’ nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà: Gbìyànjú Ni Tàbí Làkàkà?

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘strive’. Ó wà nínú abala 18(3) Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, bí ó ti wà nínú ti ọdún 1979 ṣáájú rẹ̀. Ohun tí abala náà wí ni pé Ìjọba ‘shall strive’ láti mú àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kúrò nílẹ̀, àti pé nítorí èyí, yóò pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, nígbà tí ó bá ṣeé ṣe àti bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Àwọn amòfin ti kọ púpọ̀ lórí ohun tí abala yìí fún ará ìlú àti ohun tí kò fún un. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Ohun tí ó kàn wá ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ‘strive’ nígbà tí a bá gbé e wọ inú èdè Yorùbá, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a torí wọn kọ abala náà yóò ti bá a pàdé.

Ushafa ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ dá wa dúró. Abúlé àwọn Gbagyi ni Ushafa, ní apá Bwari ní Àbújá, kò sì jìnnà sí Lower Usuma Dam tí olú-ìlú náà ti ń fa omi. Ìkòkò mímọ ni a fi mọ ibẹ̀. Nígbà tí Bill Clinton, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ó yà sí abúlé náà, àwọn mìíràn sì ń torí rẹ̀ pè é ní abúlé Clinton títí di òní. Láti ọdún 1997 tí olú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ti kó wá sí Bwari, kò ṣòro láti rí ẹni tí ó mọ òfin ní àyíká ibẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá náà sì wà ní Ushafa, wọ́n ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń mọlé.

A bá wọn jókòó ní ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ni ó délẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó jẹ́ amòfin dìde, ó ka abala 18(3) jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un wí pé, ‘Ìjọba yóò gbìyànjú láti mú àìmọ̀wé kúrò.’ Ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta ẹ̀lùbọ́ dá a lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà: ‘Wọ́n mà kú ìgbìyànjú o. Ọlọ́run á túbọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́.’ Àwọn kan ṣe àmín. Ẹnu ya ọ̀dọ́kùnrin náà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn wọ́n ni bí ohun tí òfin fi lé wọn lọ́wọ́ ti kéré tó. Kàkà kí wọ́n kọ háà, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá.

A kò gbà pé ìyá náà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bóyá ju ògbufọ̀ lọ. Bí a bá tú gbìyànjú palẹ̀, gbà àti ìyànjú ni a ó bá nínú rẹ̀, tí ìpajẹ fáwẹ̀lì ti so wọ́n pọ̀. Ìyànjú yìí kan náà ni a ní lọ́kàn nígbà tí a bá ní àgbà gba ọmọdé níyànjú. Ẹni tí ó gbìyànjú ti gba ìyànjú: ó ti gbọ́ ti ẹni tí ń rọ̀ ọ́, ó sì ti mú ọkàn le. Ìwà ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ kí ó tó sọ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi lè fi kí ènìyàn. ‘O gbìyànjú’, ‘Ẹ kú ìgbìyànjú’, ‘Ọmọ náà gbìyànjú púpọ̀’: oríyìn ni gbogbo wọn. Ẹni tí a bá sọ wọ́n fún kì í bèèrè bóyá iṣẹ́ òun yanjú, nítorí ìkíni náà ti fi yé e pé ó yanjú, tàbí pé ó yanjú dé ibi tí agbára ènìyàn dé.

Oríyìn yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ nílé. Kí a mú ìkòkò Ushafa ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin amọ̀kòkò kan pò amọ̀, ó fi ọwọ́ lásán mọ ọ́n yí po, ó sá a, ó sun ún, ìkòkò náà sì jáde kúrò nínú iná láìsán. Ọmọ Nàìjíríà tí ó wá rajà wò ó yíká, ó ní ‘You try.’ Inú amọ̀kòkò dùn. Bí ó bá jẹ́ Hausa ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ƙoƙari ni ẹni náà yóò fi yìn ín, ìtumọ̀ kan náà ni yóò sì ní. Ṣùgbọ́n bí ará London kan bá wà nítòsí, yóò máa wò ó pé kí ni ó dé tí wọ́n fi ń bu ìkòkò tí ó dára tó báyìí kù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, ẹni tí ó kùnà ni a ń wí fún pé ó ‘tried’, kí a fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi tí Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá lọ́lá ní 1977, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ₦20 wa, ìbá gba ‘You try’ Nàìjíríà pẹ̀lú ẹ̀rín; ó ṣòro láti rò pé ìbá gba ti London.

(Ó yẹ kí a rántí pé ‘try’ ní ẹ̀ka mìíràn tí kò dé ọ̀dọ̀ gbìyànjú rárá. Bí ẹ̀wù bá wà níwájú wa, a ó wọ̀ ọ́ wò. Bí ọbẹ̀ ni, a ó tọ́ ọ wò. Bí ọ̀nà tuntun ni, a ó dán an wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe wò tí ó gbẹ̀yìn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ń kí ènìyàn fún un.)

Ẹnìkan lè bi wá pé, ‘Màá gbìyànjú’ tí onígbèsè máa ń wí ńkọ́? Òótọ́ ni. Ẹni tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó bá fi gbólóhùn yẹn dá wa lóhùn, a ti mọ̀ pé owó kò ní jáde lọ́la. Nítorí náà, kì í ṣe gbìyànjú nìkan ni ó fa ọpẹ́ ní Ushafa. Ipò ẹni tí ó sọ ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹni tí ó ga jù wá lọ bá ní òun yóò gbìyànjú lórí ọ̀ràn wa, oore ni a kà á sí, a kì í ka oore sí gbèsè. Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìtàn lára ìyá yìí. Ó sọ fún wa lẹ́yìn ìpàdé pé nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ni òun ti kàwé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 1955 kì í ṣe ìlérí lójú àwọn tí ó jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n wọ kíláàsì, wọ́n jókòó. Ẹni tí ó ti rí irú ìgbìyànjú ìjọba bẹ́ẹ̀ rí ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ bí ó ti gbọ́ ọ.

‘Strive’ ní tirẹ̀ kò ní oríyìn nínú láti ìpìlẹ̀. Inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, asọ̀ àti ìjà ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni ‘strife’. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní Jẹ́nẹ́sísì 6:3, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James ti lo ‘strive’, bá jà ni a rí nínú ti Yorùbá. Ní Lúùkù 13:24, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà tóóró, làkàkà ni a rí. Ẹsẹ kejì yìí ni ó wúlò jù fún wa. Ohun tí ó tẹ̀ lé e níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fẹ́ wọlé, wọn kò sì ní lè wọlé. Gbìyànjú kò lè jókòó síbẹ̀ láìba ẹsẹ náà jẹ́, nítorí pé a kì í kí ẹni tí ìlẹ̀kùn tì mọ́ta kú oríire.

Làkàkà kò ṣeé tú palẹ̀ bíi gbìyànjú. Ìró rẹ̀ ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta tí ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn bí ẹsẹ̀ ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Ẹni tí ń làkàkà kò tíì dé. A kò sì tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni kí ẹlòmíràn pé ‘Ẹ kú ìlàkàkà.’ Ní ti sapá, ipá wà nínú rẹ̀ gbangba, ipá sì ṣeé wọ̀n: bí wọ́n bá ní ìjọba sa ipá, a lè bèèrè pé ipá wo ni, èló ni wọ́n ná, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni wọ́n kọ́. Ìbá wù wá kí òfin ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́, ògbufọ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a sọ ọ́. Forí tì náà wà, a kàn fẹ́ mẹ́nu bà á kọjá ni. Orí ni àwa fi ń tì í. Àwọn obìnrin Gbagyi tí ó gbà wá lálejò kì í ru ẹrù sórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. A kò mọ bí a óò ti ṣàlàyé forí tì fún wọn.

Ìdájọ́ tiwa ni pé làkàkà ni ó yẹ abala 18(3). Ọ̀rẹ́ wa kan tí òun náà ń kọ́ni ní èdè kò gbà. Ó ní ẹni tí ohun kan dènà ni ó máa ń làkàkà, àti pé bí a bá lo ọ̀rọ̀ náà fún ìjọba, ńṣe ni a ń bá a ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo. Bí a bá tẹ́tí sí làkàkà dáadáa, àánú díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe é. Síbẹ̀, ó sàn kí a káàánú ìjọba tí kò tíì dé ju kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti dé. Àwáwí náà kúkú ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, ìyẹn ‘nígbà tí ó bá ṣeé ṣe’. Abala 6(6)(c) ìwé òfin kan náà tún sọ pé ilé ẹjọ́ kò ní agbára láti yẹ àwọn ìlànà tí ó wà ní Orí Kejì wò, níbi tí abala 18 wà.

Bí a bá fi òfin tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ wé e, ìyàtọ̀ náà yóò túbọ̀ hàn. Nínú Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ Ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004, ‘strive’ ti kúrò. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ‘shall provide’, yóò pèsè. Òbí kọ̀ọ̀kan ‘shall ensure’ pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, Yorùbá tí ó bá èyí mu sì ni rí i pé. Ojú wà nínú rẹ̀: òbí gbọ́dọ̀ fojú rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá rí i, ìbáwí ni nígbà àkọ́kọ́, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1 tàbí méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀kejì, ₦5,000 tàbí oṣù 2 tàbí méjèèjì bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin náà fi ìyà lé ẹni tí ó bá gba owó ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Nítorí ‘shall provide’ yìí ni ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ṣe lè sọ ní ọdún 2017 pé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ ti di ẹ̀tọ́ tí ènìyàn lè bèèrè fún ní ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ti kọ́kọ́ kọ etí dídi sí àwáwí Orí Kejì ní 2009, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni òun gbé ìdájọ́ tirẹ̀ kà. Ọ̀rọ̀-ìṣe yí padà, agbára ará ìlú sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá fi gbìyànjú túmọ̀ ‘strive’ ti pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, a bẹ ọ̀dọ́kùnrin náà pé kí ó tún un kà, àwa sì ṣe ògbufọ̀. A ní, ‘Ìjọba yóò làkàkà láti mú àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kúrò, nígbà tí ó bá ṣeé ṣe.’ Kò sí ẹni tí ó ṣe àmín. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bèèrè pé ta ni yóò wá sọ fún wọn ní ọjọ́ tí ó bá ṣeé ṣe. A wá ka èyí tí ó kan òbí nínú òfin 2004, pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ, àti owó ìtanràn tí ó wà nídìí rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀.

‘Ẹ̀yin olùkọ́,’ ni ó wí, ‘ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Èmi ni kí n rí i, àwọn ni kí wọ́n làkàkà?’