Olóhun Kì í Ṣe Adájọ́

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Bí adìẹ ìyá kan bá sọnù ní Ìkòtún, tí ó sì fura sí ará ilé kejì, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó já ilẹ̀kùn onílé wọlé lóru láti wá a? Ìwọ yóò dáhùn pé kò tọ́. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n kan ti fẹ́ sọ irú rẹ̀ di òfin rí.

Ní oṣù Keje ọdún 2002, Howard Berman, ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà láti ìpínlẹ̀ California, gbé àbá òfin kan kalẹ̀. Nígbà náà, àwọn ènìyàn ń fi orin àti fíìmù ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ṣe é. Àbá náà fẹ́ kí àwọn tí ó ni iṣẹ́ wọ̀nyí lè dabarú pínpín náà fúnra wọn, láìsí pé òfin yóò mú wọn. Lóòótọ́, wọn kò gbọdọ̀ pa ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ṣe ní ìjàǹbá kò lè gba kóòtù lọ tààrà. Ó ní láti kọ́kọ́ mú ẹ̀sùn rẹ̀ tọ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba lọ. Àbá náà kò di òfin.

A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ohun tí ó bí i. Olórin tí ó yáwó láti ká orin rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wá ń gbọ́ ọ káàkiri ìgboro láìrí èrè, olè ni a jà á. Òtítọ́ sì ni pé ẹjọ́ kóòtù a máa pẹ́.

Ibi tí àbá náà ti kùnà ni pé ó sọ olùfisùn di adájọ́, ó sì tún fi pàṣán lé e lọ́wọ́. Bí ó bá ṣi ẹni mú ńkọ́? Ní Ẹ̀gbẹ́dá, yàrá mẹ́wàá lè wà nínú ilé kan, kí gbogbo wọn máa lo íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú kan náà. Ará yàrá kejì lè ṣẹ̀, kí ó jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yàrá kẹwàá ni yóò dúró. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ilẹ̀ wa, òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 ka dídabarú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìní àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ni dé ẹ̀wọ̀n. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 2022 sì la ọ̀nà tí ó sàn jù: kí olóhun kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n sọ fún ẹni tí ó gbé e síbẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá ní àlàyé tí ó yè kooro, wọn yóò mú un kúrò. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn rí àyè fọhùn.

Ìwọ náà ńkọ́, tí o ń gba fíìmù ọ̀fẹ́ sórí fóònù rẹ? Má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni èyí. Ìwọ ni o kó adìẹ onítọ̀hún. San owó iṣẹ́ fún ẹni tí ó ṣe é. Bí wọ́n bá sì jí tìrẹ, ké jáde, ṣùgbọ́n má ṣe já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.